Aṣọ Kérésì ọmọdé: Ìwọ̀n èṣí kì í ṣe ìwọ̀n ọdún yìí

Bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ní Amuro, ní ìjọba ìbílẹ̀ Mopa-Muro, ìpínlẹ̀ Kogi, ọ̀rọ̀ kan kì í kúrò lẹ́nu àwọn ọmọdé: aṣọ ọdún. Àgbàlagbà lè jẹ́ kí ọdún kọjá láìrán aṣọ, kò ní torí rẹ̀ sunkún. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò mọ ìyẹn. Lójú tirẹ̀, aṣọ tuntun gan-an ni ọdún.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ Okun, nítorí pé àsìkò Kérésì ni àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó, Àbújá àti Ìlọrin máa ń darí wálé. Kí wọ́n tó dé, ìyá àgbà á ti ra ánkárá fún ọmọ-ọmọ rẹ̀, á sì ti gbé e fún télọ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ wà ní Èkó, aṣọ wà ní Takete-Ide tàbí Orokere. Ìwọ̀n wo ni télọ̀ yóò lò? Ti èṣí ni, tàbí kí ìyá àgbà fi ọwọ́ júwe ibi tó rò pé ọmọ ga dé.

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi tí mò ń kọ ìròyìn yìí. Lọ́dún 2007, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Alẹ́ ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejìlá ni a wọlé láti Èkó. Wọ́n ti fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ mi sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, orí mi kò gba ọrùn aṣọ náà kọjá. Ìwọ̀n èṣí ni télọ̀ lò, ó sì ti gé gbogbo etí aṣọ dànù, kò sí ohun tí a lè tú sílẹ̀. Ìyá àgbà fi abẹ́ la ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ó fi píìnì há a, ó sì fi ìborùn tirẹ̀ bò mí lẹ́yìn. Bí mo ṣe lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Èmi kò sunkún. Ìyá àgbà ni omi ń bọ́ lójú rẹ̀, nítorí pé owó iṣu tó tà ni ó fi ra aṣọ yẹn.

Ọ̀rọ̀ aṣọ kì í ṣe ohun kékeré ní ilẹ̀ Okun láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn obìnrin Bùnú, ará ilé wa, ni wọ́n ń hun aṣọ pupa tí wọ́n fi ń ṣe òkú ẹni ńlá, lórí òfì tí wọ́n ń gbé nàró. Òyìnbó obìnrin kan, Elisha Renne, kọ odindi ìwé lórí aṣọ Bùnú, ó jáde ní ọdún 1995. Bí a bá lè ṣe aṣọ òkú tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó yẹ kí aṣọ ọmọ náà ní ètò.

Ètò náà kò le. Kí ìyá ọmọ tó wà ní ìlú ńlá fi téèpù wọn ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá: àyà yíká, ìdí yíká, èjìká dé orúnkún, àti orí yíká. Ẹ má gbàgbé orí, nítorí orí ọmọ kékeré tóbi ju bí ara rẹ̀ ṣe rí lọ. Kí ó pe àwọn nọ́ńbà náà sórí fóònù fún ìyá àgbà. Ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà máa ń ga ní nǹkan bí íǹṣì méjì àtààbọ̀ lọ́dún. Nítorí náà, kí télọ̀ ká íǹṣì mẹ́ta sínú ní ìsàlẹ̀ aṣọ, kí ó fi àyè sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ó sì fi rọ́bà sí ìdí ṣòkòtò. Bí ọdún mìíràn bá dé, títú ni yóò kù.

Kí wọ́n fọ ánkárá olówùú kí wọ́n tó gé e, nítorí owú máa ń sún kì. Kí bọ́tìnnì le dáadáa kí ọmọ má baà já a gbé mì, kí wọ́n má sì fi okùn sí ọrùn aṣọ, ó lè fún ọmọ lọ́rùn níbi eré.

Ẹ jẹ́ kí a wí ti télọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ wa ni kì í gbé aṣọ lọ àfi tí Kérésì bá ku ọ̀sẹ̀ kan, tí a ó sì tún ní kí ó dúró dìgbà tí a bá ta ọjà kí ó tó gba owó. Ó ti gba aṣọ kún ilé, ó ń fi lámpù wa máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ di òru. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń gbàgbé wíwọn. Láti ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó ọkọ̀ ti gòkè, owó aṣọ àti òwú sì bá a gòkè. Aṣọ tí a bá rán bàjẹ́, ta ni yóò tún òmíràn rà?

Bí agbára kò bá gbé ọ̀pá tuntun, àjẹkù ánkárá ìyá tó bá tó yáàdì kan lè di aṣọ ọmọ kékeré. Ọmọ kò ní béèrè iye owó. Ohun tó fẹ́ ni kí ó wọ̀ ọ́ ní àárọ̀ ọdún, kí ó sì bá a mu.

Okun o. Ẹ kú ìmúra ọdún.