Bí Kọ̀ǹpútà Alágbèéká Kò Bá Gba Wi-Fi Mọ́

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí kò gba Wi-Fi mọ́ kì í ṣe ohun tí a ní láti sáré tà ní ọ̀pọ̀.

Kí a kọ́kọ́ fi fóònù wò ó níbi kan náà. Bí fóònù bá gbà á, ara kọ̀ǹpútà ni àléébù wà.

Káàdì kékeré kan nínú kọ̀ǹpútà ni ó ń gba Wi-Fi; dráífà sì ni ògbufọ̀ láàárín káàdì náà àti Windows. Bí ògbufọ̀ bá ṣìnà, wọn kò ní gbọ́ra yé. Kí a fi ẹ̀rọ mìíràn gba dráífà tuntun lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe kọ̀ǹpútà náà, kí a fi fláàṣì gbé e wá, kí a sì fi í sí i. Ọ̀fẹ́ ni.

Bí èyí kò bá ṣe é, ó lè jẹ́ pé káàdì ti kú, tàbí pé ìgbì 2.4 GHz nìkan ni ó ń gbà, nígbà tí Wi-Fi ibẹ̀ wà lórí ìgbì 5 GHz. Kí a ra ádápítọ̀ USB kékeré tí ń gba ìgbì méjèèjì, kí a kì í bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó kọ̀ǹpútà tuntun.