Ẹ má po oògùn òwú sílẹ̀ di ọjọ́ kejì

Ẹ̀yin àgbẹ̀ olówú, ẹ wo ojú ọbẹ̀ tí epo léfòó sí. Bí ẹ bá fi ṣíbí ti ẹ̀kán epo méjì kan ara wọn, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á sì di ọ̀kan. Wọn kì í tún dá pínyà fúnra wọn. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú pọ́ńpù tí ẹ gbé kọ́ ẹ̀yìn.

Oògùn apakòkòrò tí wọ́n kọ EC sí lára ìgò rẹ̀, inú òróró ni wọ́n yọ́ ọ sí. Bí ẹ bá dà á sómi, omi á funfun bí wàrà. Ẹ̀kán òróró wínníwínní tí ojú kò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan ló ń fún un ní àwọ̀ yẹn. Omi àti òróró kì í sì í bára wọn rẹ́. Bí ẹ̀kán 8 tó dọ́gba bá para pọ̀ di ọ̀kan, ìdajì ara tí wọ́n fi ń kan omi tẹ́lẹ̀ ló kù, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í padà sẹ́yìn. Ìbú ẹ̀kán tuntun náà á di ìlọ́po 2, á sì máa yára gòkè tàbí rì ní ìlọ́po 4. Ohun kan bí ọṣẹ tí wọ́n ti pò mọ́ oògùn láti ilé iṣẹ́ ló ń bo ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan lára, tí wọn kì í fi í tètè dàpọ̀. Agbára rẹ̀ kò wà títí.

Ẹ fi òróró ẹ̀pà dán an wò nílé (ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe oògùn o). Ẹ bu omi àti òróró díẹ̀ sínú ìgò méjì, ẹ kán ọṣẹ olómi sí ọ̀kan, kí ẹ mi méjèèjì pọ̀. Èyí tí kò ní ọṣẹ, kíá ni òróró rẹ̀ á kó jọ sórí omi. Èkejì á ṣì funfun, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ ó rí i pé funfun náà ti ń sá lọ sókè.

Ìsàlẹ̀ ni pọ́ńpù ti ń fa omi. Bí oògùn bá ti léfòó, bí omi lásán lẹ ó máa fín sí poro àkọ́kọ́, kòkòrò tó ń jẹ èso òwú á sì yè é. Poro ìkẹyìn á gbà á ní àgbàjù, ewé á jóná. Owó oògùn yẹn kan náà ni wọn ó sì yọ nínú owó òwú yín.

Ẹ po ìwọ̀n tí ẹ ó fín tán lójú ẹsẹ̀. Ẹ bu omi tó mọ́ dé ìdajì pọ́ńpù, ẹ da oògùn sí i, ẹ mì í, kí ẹ tó bu omi kún un. Bí ẹ bá sinmi, ẹ tún mì í kí ẹ tó máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ má sì fín in títí ewé á fi máa kán sílẹ̀: ẹ̀kán ti dàpọ̀ lójú ewé nìyẹn, ó ti wúwo ju ohun tí ewé lè dì mú, ilẹ̀ ló ń mu oògùn yín. Bí òróró bá ṣì léfòó lẹ́yìn tí ẹ ti mì í dáadáa, ẹ má fín in rárá, ẹ pe olùdámọ̀ràn àgbẹ̀ tó wà ní abúlé yín.