Ríré Ọkọ̀ Iwájú Kọjá

Ẹ̀yin ará wa, ẹ ti rí bí àwọn ọmọ ṣe máa ń kóra jọ sí ìdí fóònù kan ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀kan ń wa ọkọ̀ nínú fóònù, àwọn yòókù ń pariwo pé: "Ré e kọjá! Ré e kọjá!" Ta ló wà nínú ọkọ̀ kejì? Kò sí ẹnì kankan. Kọ̀ǹpútà ló ń wà á.

Eré yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1982, ilé iṣẹ́ Namco ní Japan ṣe eré Pole Position. Nínú rẹ̀, ènìyàn ń bá ọkọ̀ tí ẹ̀rọ ń darí díje.

Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe ń wa ọkọ̀? Nínú ọ̀pọ̀ eré, ẹni tí ó ṣe é ti fa ìlà kan sí ojú ọ̀nà, tí a kò lè fi ojú rí. Ọkọ̀ kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé ìlà yìí. Ibi tí ó ti tẹ bíréèkì lónìí, ibẹ̀ náà ni yóò ti tẹ̀ ẹ́ lọ́la. Nínú eré mìíràn, bí o bá ti lọ jìnnà jù, ọkọ̀ ẹ̀yìn á yára sí i. Bí o bá rẹ̀yìn, ti iwájú á rọra, kí ìdíje má baà tètè tán.

Ẹni tí ó mọ èyí kì í kánjú. Á kọ́kọ́ tẹ̀lé ọkọ̀ náà, á máa ṣọ́ ìwà rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ dé kọ́nà, á tètè rọra, kí ó lè jáde níbẹ̀ pẹ̀lú agbára. Ibi tí ọ̀nà bá ti tọ́ ni á ti ré e kọjá.

Ṣé ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe nínú fóònù lè ṣe bẹ́ẹ̀ lójú pópó? Ẹ jẹ́ kí a wò ó.

Ọ̀nà ńlá kan ti Dassa wá sí Savalou, ó gba Bantè kọjá lọ sí Djougou. Ká sọ pé ọkọ̀ ńlá tí ó kó iṣu ń lọ níwájú. Ọmọkùnrin kan wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí alùpùpù, ó gbé bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ dì mí mú, mo fẹ́ ré e kọjá."

"Ṣé o rí iwájú?"

"Rárá, Bàbá, ọkọ̀ yìí ló bò ó. Ṣùgbọ́n nínú fóònù..."

"Fóònù kọ́ nìyí, ọmọ mi. Dúró ná."

Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ọkọ̀ akérò kan fi yọ láti iwájú, ó kọjá fìrì.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Ọkọ̀ ńlá ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan, alùpùpù ń sá 80. Ọkọ̀ náà gùn ní mítà 16. A fi mítà 20 sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àti 20 níwájú rẹ̀. Kí alùpùpù tó ré e kọjá tán, yóò gba bí ìṣẹ́jú àáyá 10. Láàárín àkókò yìí, alùpùpù á ti rin mítà 220. Ẹni tí ó ń sá 80 bọ̀ láti iwájú náà á ti rin 220. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 440, ó ju pápá bọ́ọ̀lù mẹ́rin lọ! Bí o kò bá rí ojú ọ̀nà jìnnà tó bẹ́ẹ̀, má kọjá.

Nítorí náà:
1. Ọwọ́ ọ̀tún la ń tọ̀ ní Benin. Ọwọ́ òsì ni kí o ti ré ọkọ̀ kọjá.
2. Má kọjá ní kọ́nà, ní orí òkè, tàbí nígbà tí eruku ọyẹ́ bo ojú ọ̀nà.
3. Bí ẹlòmíràn bá ń ré ọ kọjá, má ṣe bí ọkọ̀ kọ̀ǹpútà: má sáré sí i.
4. Dé akoto.
5. Ní àsìkò ọdún iṣu Savalou, ní 15 oṣù kẹjọ, ọkọ̀ a máa pọ̀. Ní sùúrù.

Nínú fóònù, ẹni tí ó bá ṣubú á tún bẹ̀rẹ̀. Lójú pópó, kò sí àtúnbẹ̀rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ dáhùn: Kí ni bàbá rí tí ọmọ kò rí? Kí ni ẹ máa sọ fún ọmọ yín lónìí?