Omi Ló Kọ́ Àwọn Ilé Gogoro Austin

Lọ́dún 2025, ilé kan ní ìlú Austin, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, ga kọjá gbogbo ilé yòókù ní ìpínlẹ̀ náà. Waterline ni orúkọ rẹ̀. Alájà 74 ni, ó sì ga ju 300 mítà lọ: bí èèyàn bá to Cocoa House Ìbàdàn mẹ́ta léra wọn, ibi tí yóò dé nìyẹn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni ilé báǹkì kan ní Houston ti di ipò yẹn mú. Houston àti Dallas sì ni wọ́n mọ̀ mọ́ ilé gogoro ní Texas. Ìlú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba àti olórin ni wọ́n mọ Austin sí.

Láàárín Austin fúnra rẹ̀, oyè ilé tó ga jù kì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Frost Bank Tower jẹ ẹ́ ní 2004 pẹ̀lú àjà 33. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn náà, ilé tí wọ́n ń pè ní 360 já a gbà. Austonian, alájà 56, gbà á ní 2010. Ní 2019 ó bọ́ sọ́wọ́ Independent, tí wọ́n to àwọn apá rẹ̀ léra ní wọ́gọwọ̀gọ débi pé àwọn ará ìlú ń pè é ní Jenga, orúkọ eré tí wọ́n ti máa ń to igi léra. Ilé alájà 66 tó wà ní ìkóríta Òpópónà Kẹfà àti Guadalupe ló tún gbà á, kó tó di ti Waterline. Ẹni tó bá fi ìlú náà sílẹ̀ ní 2003 tó wá padà síbẹ̀ lónìí, yóò bèèrè ọ̀nà.

Iye èèyàn ibẹ̀ náà kò dúró sójú kan. Ètò ìkànìyàn ọdún 1990 ka 465,622 èèyàn ní Austin. Ti ọdún 2020 ka 961,855. Ìlọ́po méjì ó lé díẹ̀ nìyẹn láàárín ọgbọ̀n ọdún. Bí a bá ka àwọn ìlú kéékèèké tó yí i ká mọ́ ọn, wọ́n ti tó mílíọ̀nù méjì àbọ̀ báyìí.

Kí ni wọ́n wá ṣe níbẹ̀?

Iṣẹ́ ni ìdáhùn àkọ́kọ́, ó sì ti pẹ́ kó tó di pé ẹnikẹ́ni gbọ́ orúkọ Elon Musk. Ọdún 1839 ni wọ́n sọ Austin di olú-ìlú. Ní 1883, Yunifásítì Texas ṣílẹ̀kùn níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú rẹ̀ lónìí lé ní 50,000. Owó oṣù ìjọba lè má pọ̀, ṣùgbọ́n kì í gbẹ, yunifásítì sì ń kó ọ̀dọ́ tuntun wọ ìlú lọ́dọọdún. Àwọn ilé iṣẹ́ rí èyí. IBM dé ní 1967, Texas Instruments ní 1969, Motorola ní 1974. Ọdún 1983 ni ọ̀rọ̀ náà wá di ńlá. Àwọn ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà Amẹ́ríkà tí ìdíje Japan ń dẹ́rù bà para pọ̀ dá ilé ìwádìí kan sílẹ̀, MCC, wọ́n sì ní kí àwọn ìlú wá sọ ohun tí wọ́n lè fún wọn. Ìlú 57 ló du ú. Austin ló mú un, torí pé yunifásítì, ìjọba àti àwọn olówó ìlú jọ dáwó jọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Michael Dell bẹ̀rẹ̀ sí í to kọ̀ǹpútà tà nínú yàrá rẹ̀ ní ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo ayé mọ ohun tí iyẹn dà. Nígbà tí Tesla, ilé iṣẹ́ Musk, gbé oríkò iṣẹ́ rẹ̀ wá ní 2021, ọbẹ̀ ti jinná tipẹ́.

Owó orí ni ìdáhùn kejì. Ìpínlẹ̀ Texas kì í gba owó orí lórí owó oṣù. Ìjọba àpapọ̀ nìkan ló ń gbà á. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti California, níbi tí ìpínlẹ̀ ti lè gba ju ìdá mẹ́wàá lọ lọ́wọ́ ẹni tí owó rẹ̀ bá pọ̀ gan-an, yóò mọ̀ ọ́n lára lóṣù àkọ́kọ́.

Orin wà nínú rẹ̀ náà. Láti àwọn ọdún 1970 ni ètò tẹlifíṣọ̀n Austin City Limits ti ń gbé olórin ìlú náà jáde fún gbogbo Amẹ́ríkà, àjọ̀dún South by Southwest sì bẹ̀rẹ̀ ní 1987. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n orin kì í kọ́ ilé alájà 74. Àwọn ìlú mìíràn wà tó ní iṣẹ́, tó ní orin, tí ilé wọn sì tẹ́ rẹrẹ lórí ilẹ̀, tí wọ́n ń fẹ̀ wọ inú igbó lọ. Kí ló wá dé tí Austin fi kọ orí sókè?

Omi ni mo rí sí i.

Ní ìwọ̀ oòrùn àti gúúsù ìlú náà, òkúta ẹfun ló wà lábẹ́ ilẹ̀. Òkúta yìí kún fún ihò àti pàlàpálá. Bí òjò bá rọ̀, omi á wọnú ilẹ̀ lọ tààrà, láìsí iyanrìn tó máa sẹ́ ẹ, yóò sì yọ jáde ní Barton Springs, ìsun omi kan tí kò jìnnà rárá sí àárín ìgboro. Omi ibẹ̀ mọ́ gaara. Ì báà jẹ́ ìgbà ooru tí oòrùn Texas ń bẹ́ èèyàn lórí, ì báà jẹ́ ìgbà òtútù, bí 20 tàbí 21 ni ìwọ̀n ooru rẹ̀ ní Celsius. Tọmọdé tàgbà ló ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Ohun tó léwu fún ibẹ̀ ni epo mọ́tò àti ìdọ̀tí orí kọnkéré: ohunkóhun tó bá dà sílẹ̀ lókè lọ́hùn-ún, ìsun náà ni yóò ti yọ.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1990, ilé iṣẹ́ kan mú ètò wá láti kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé àti pápá gọ́ọ̀fù sórí ilẹ̀ tó tó nǹkan bí 4,000 éékà lẹ́bàá odò tó ń ṣàn lọ sí ìsun náà. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀ ìlú lé ní 800. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò sí ọmọ ìgbìmọ̀ kan tó dìbò fún ètò náà. Ní 1992, àwọn olùdìbò fúnra wọn ṣòfin: lápá ibi tí omi ti ń wọlẹ̀, ìdá 15 sí 25 péré nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ni èèyàn lè fi ilé, ọ̀dà àti kọnkéré bò.

Èèyàn kò sì yé wọ̀lú. Níbo ni wọ́n fẹ́ kó wọn sí? Nígbà tí Kirk Watson di olórí ìlú ní 1997, ìṣàkóso rẹ̀ fa ìlà sórí àwòrán ilẹ̀: apá ìwọ̀ oòrùn ni ibi tí wọ́n ń dáàbò bo omi mímu, àárín ìgboro àti ìlà oòrùn ni ibi tí wọ́n fẹ́ kí ìkọ́lé wà. Ìlú fi ẹ̀dínwó fa àwọn ilé iṣẹ́ wá sí àárín ìgboro, tó kún fún ibi ìgbọ́kọ̀sí tí kò ní òrùlé. Ibẹ̀ tún ní àǹfààní kan tí àwọn kọ́lékọ́lé kì í sọ síta: kò sí aládùúgbò tó máa pariwo pé ilé gíga ń dí oòrùn mọ́ òun.

Kò kọ́kọ́ bọ́ sí i. Intel wà lára àwọn tó dé. Ní 2001, nígbà tí ọjà íntánẹ́ẹ̀tì dojú dé, ilé iṣẹ́ náà dá iṣẹ́ dúró, ó sì fi egungun kọnkéré sílẹ̀ láàárín ìlú, láìní ògiri, láìní fèrèsé. Ọdún gorí ọdún, ó dúró síbẹ̀. Oṣù Kejì ọdún 2007 ni wọ́n tó fi ohun abúgbàmù wó o palẹ̀. Ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ló wà lórí ilẹ̀ náà báyìí.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo àwọn ilé tó là á já yóò rí i pé ìrísí wọn ní ìdí. Ilé aṣòfin Texas, tí wọ́n fi òkúta pupa kọ́ parí ní 1888, ní òrùlé róbótó kan tí ará ìlú kì í fi ṣeré. Òfin ọdún 1983 sọ pé láti àwọn ibi kan pàtó, bí orí afárá Lamar àti afárá ọ̀nà márosẹ̀ MoPac, ojú gbọ́dọ̀ máa rí òrùlé náà láìsí ohun tó dí i. Àwọn ìlà tí a kò lè fojú rí yìí la àárín ìgboro já. Ilẹ̀ tó bá bọ́ sábẹ́ wọn, ilé kúkúrú ló máa gbé. Èyí tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn á ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, á gé igun kan kúrò, á wá ga gan-an láti fi rọ́pò àyè tó sọ nù. Ẹ wo ẹsẹ̀ wọn náà: ilé kọfí tàbí báńkì nísàlẹ̀, lẹ́yìn náà àjà mélòó kan tí wọ́n fi irin bò lójú, kó tó kan ibi tí èèyàn ń gbé. Mọ́tò ló wà lẹ́yìn irin yẹn. Òkúta ló wà lábẹ́ ilẹ̀, gbígbẹ́ rẹ̀ sì wọ́n, ni wọ́n ṣe ń gbé mọ́tò lọ sókè.

    

Ta ló san owó ààbò omi náà?

Ẹ rántí pé ìlà tí wọ́n fà mú ìlà oòrùn mọ́ ibi tí wọ́n fẹ́ kí ìkọ́lé lọ. Àwọn wo ló ń gbé ibẹ̀? Ní 1928, ìlú Austin ṣe ètò kan tó kó ilé ìwé àti ibi ìgbafẹ́ àwọn èèyàn dúdú sí ìlà oòrùn nìkan, kí wọ́n lè kó lọ síbẹ̀ tipátipá láìsí òfin tó lé wọn. Ní 1962, ọ̀nà márosẹ̀ I-35 la ìlú sí méjì, ó sì di ògiri láàárín wọn àti àárín ìgboro. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, wọn kì í jẹ́ kí èèyàn dúdú lúwẹ̀ẹ́ nínú Barton Springs. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ dáàbò bo ìsun náà, àdúgbò wọn ni wọ́n ní kí ilé tuntun lọ. Ilẹ̀ gbówó lórí, owó orí ilé gòkè, àwọn ayálégbé kó ẹrù. Láàárín 2000 sí 2010, iye èèyàn Austin fi ìdá kan nínú márùn-ún pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n iye èèyàn dúdú ibẹ̀ dínkù. Ìwádìí láti Yunifásítì Texas sọ pé nínú àwọn ìlú ńlá tó ń yára dàgbà nígbà yẹn, Austin nìkan ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ó tọ́ kí wọ́n dáàbò bo omi. Bí wọ́n ṣe pín ìnáwó rẹ̀ ni kò tọ́.

Ní ti owó ilé, ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ láìpẹ́ yìí yẹ kí gbogbo ìlú ńlá kọ́. Nígbà àrùn Kòrónà, èrò ya wọ Austin. Ní nǹkan bí oṣù Karùn-ún 2022, iye owó ilé tó wà ní agbedeméjì nínú àwọn tí wọ́n ń tà ní agbègbè náà tó 550,000 dọ́là. Àwọn kọ́lékọ́lé sá mọ́ iṣẹ́, àwọn ilé àyágbé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta, owó tí onílé ń bèèrè fún ilé àyágbé wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. Àwọn onílé ń fi oṣù ọ̀fẹ́ bẹ ayálégbé. Ayálégbé Èkó tó bá gbọ́ èyí yóò ní irọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ ni: bí ilé bá pọ̀ ju èèyàn lọ, onílé á rẹ ohùn sílẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2023, ìgbìmọ̀ ìlú fagi lé òfin tó fi dandan lé ibi ìgbọ́kọ̀sí fún ilé tuntun. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó gbà kí wọ́n máa kọ́ ilé mẹ́ta sórí ilẹ̀ tó jẹ́ ti ilé kan tẹ́lẹ̀. Kirk Watson ọjọ́sí ni olórí ìlú nígbà yẹn. Ó ti padà sórí oyè ní oṣù Kìíní ọdún náà.

Iṣẹ́ kò tíì parí. Láti 2024 ni wọ́n ti ń tú I-35 láàárín ìlú, iṣẹ́ tó ń ná wọn ní nǹkan bí bílíọ̀nù 4.5 dọ́là. Wọ́n máa wó apá rẹ̀ tó wà lókè, wọ́n á sì gbẹ́ ọ̀nà náà wọlẹ̀.

Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń gbèrò láti kó lọ síbẹ̀, ẹ ní kó má wo ti owó oṣù tí wọn kò gba owó orí lórí rẹ̀ nìkan. Ilé ni Texas ń gba tirẹ̀ lára. Ní Austin, owó orí ilé lọ́dún kan ń lọ sí bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ilé náà tó, kí wọ́n tó yọ ẹ̀dínwó. Lórí ilé 500,000 dọ́là, bí 10,000 dọ́là nìyẹn lọ́dọọdún, kódà bí onílé bá ti san gbèsè báńkì tán. Kó kọ́kọ́ yálé gbé ná.