ÀWÒDÌ ÒKÈ ÀTI ÀWỌN TÍ Ń KÀ Á

Àwọn àgbà a máa pòwe pé àwòdì tí ń rà bàbà lókè ṣebí ará ilẹ̀ kò rí òun. Ẹni tí ń hùwà ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ń fi òwe náà bá wí. Ṣùgbọ́n ibì kan wà ní Amẹ́ríkà tí àwọn ará ilẹ̀ ti ń wo àwòdì láti ọdún 1934, tí wọ́n sì ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí kíkà náà ṣe ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Orúkọ ibẹ̀ ni Hawk Mountain, tí a lè pè ní Òkè Àṣá, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Ní ìgbà ìwọ́wé, bí òtútù bá ń bọ̀, kòkòrò a dínkù, ejò àti ọ̀pọ̀lọ́ a sì wọ ihò lọ. Nígbà náà ni àṣá, àwòdì àti idì máa ń ṣí lọ sí ìhà gúúsù. Àwọn kan ń lọ títí dé Gúúsù Amẹ́ríkà.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń gba orí òkè yìí? Ẹyẹ ńlá tí ó bá ń ju apá láti àárọ̀ dalẹ́, yóò rẹ̀ ẹ́ kí ó tó débi tí ó ń lọ. Nítorí náà, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń gùn. Òkè náà nà gbọọrọ bí ògiri. Bí afẹ́fẹ́ bá kọlù ú, kò ríbi gbà àfi òkè, ẹyẹ a sì na apá lé e, a máa yọ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí oòrùn bá sì mú ilẹ̀ gbóná, wọn a máa yí po nínú ooru tí ń gòkè títí wọn yóò fi ga. Ní àárín oṣù kẹsàn-án, ọgọ́rọ̀ọ̀rún àṣá lè máa yí po lẹ́ẹ̀kan náà. Láti 15 oṣù kẹjọ títí di 15 oṣù kejìlá ni àwọn òǹkà máa ń jókòó sórí àpáta lọ́dọọdún, tàwọn ti ìwé àti awò tí ń fa ohun ọ̀nà jíjìn súnmọ́ni.

Ìbọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé lọ síbẹ̀. Olè adìyẹ ni gbogbo ènìyàn ka àṣá sí. Ní 1929, ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi dọ́là 5 lé orí irú àṣá kan tí wọ́n ń pè ní goshawk, ṣùgbọ́n ọlọ́dẹ kò dúró yẹ ẹyẹ wò kí ó tó yìnbọn. Òkú ẹyẹ kún ilẹ̀. Ní 1934, obìnrin kan, Rosalie Edge, háyà òkè náà, ó sì rà á lẹ́yìn náà. Ó fi Maurice Broun ṣe olùṣọ́. Broun àti Irma ìyàwó rẹ̀ lé àwọn ọlọ́dẹ padà, Broun sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ẹyẹ.

Ta ló mọ ohun tí ìwé rẹ̀ yóò wúlò fún? Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n ń fọ́n oògùn apakòkòrò DDT káàkiri. Oògùn náà ń wọ inú ẹja, ó ń ti inú ẹja wọ inú idì, ó sì ń mú kí èèpo ẹyin idì fẹ́lẹ́, tí yóò fi fọ́ lábẹ́ ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá gbójú sókè ṣì ń rí idì, nítorí àwọn àgbà wọn kò tíì kú tán. Ṣùgbọ́n ọmọ idì kò tíì ní orí funfun bíi ti àgbà, nítorí náà a lè dá a mọ̀ lókèèrè. Láàrin 1935 àti 1939, nínú idì 100 tó kọjá, 40 jẹ́ ọmọdé. Láàrin 1955 àti 1959, 20 péré ni. Agboolé tí kò bímọ mọ́ ń kú lọ, bí ó tilẹ̀ kún fún àgbà. Rachel Carson fi ìṣirò yìí sínú ìwé rẹ̀, Silent Spring, ní 1962. Ní 1972, ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de DDT. Idì wọ̀nyí padà ń bí sí i, débi pé ní 2007 wọ́n yọ orúkọ wọn kúrò lára àwọn ohun ẹlẹ́mìí tó wà nínú ewu.

Èmi tí mò ń kọ èyí, Kàdúná ni a bí mi sí. Màmá mi a máa pariwo lé àṣá nítorí òròmọdìyẹ, àwa ọmọ a sì sáré gbé òkò. Igún ńkọ́? Wọ́n a máa bo òrùlé ilé ìpẹran ẹ̀bá ọjà wa. Nígbà tí mo délé ní ìsinmi tó kọjá, n kò rí ẹyọ kan. Mo bi bàbá alápatà kan pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ìgbà wo ni wọ́n lọ?” Wọ́n ronú, wọ́n ní, “Ọmọ mi, n kò fiyè sí i.” Májèlé àti pípa wọ́n tà fún oògùn ìbílẹ̀ wà lára ohun tí ń run igún ní Nàìjíríà. Láti 2015 ni a ti ka irú igún tí ń gbé àárín ìlú yìí mọ́ àwọn ẹyẹ tó kù díẹ̀ kí wọ́n parun. Ṣùgbọ́n ní ọjà wa, kò sí ìwé tí a lè ṣí láti mọ iye tí wọ́n jẹ́ rí.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, ẹ yan ibì kan àti wákàtí kan lọ́sẹ̀, kí ẹ gbójú sókè, kí ẹ kọ iye ẹyẹ tí ẹ rí àti ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kọ́bọ̀ kan kò ní ná yín ju owó ìwé àti bírò lọ. Ohun tí a kò kà, a kì í mọ̀ bí ó bá dín. Ire o.