Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Bí Anpilifáyà àti Sípíkà Ṣe Ń Bára Mu Nínú Ọkọ̀ Akẹ́rù

Ìrìn-àjò láti Muṣin dé Òkè Ọya gùn fún awakọ̀ akẹ́rù. Rédíò ni ẹnìkejì rẹ̀ lójú ọ̀nà. Òun ló ń fún un ní ìròyìn, òun náà ló ń kọrin fún un nígbà tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá dá a dúró. Abájọ tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ fi ń yà sí ọjà Ládípọ̀ láti ra sípíkà ńlá àti anpilifáyà tí yóò fún un lágbára. Owó kékeré kọ́ ni wọ́n ń ná sí i. Síbẹ̀, bí àwọn méjèèjì kò bá bára mu, ohun tí a rà fún ìgbádùn lè jóná mọ́ni lọ́wọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí a yẹ̀ wò ni agbára, èyí tí a ń fi wáàtì wọ̀n. Ẹ má ṣe jẹ́ kí nọ́ńbà gàgàrà ara páálí tàn yín. Agbára tí ẹ̀rọ lè gbé fún ìgbà díẹ̀ péré ló sábà máa ń jẹ́. Èyí tí a kọ RMS sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni kí ẹ wò, nítorí òun ni ẹ̀rọ náà lè gbé fún wákàtí pípẹ́. Bí sípíkà bá jẹ́ 60 wáàtì RMS, kí ojú ìjáde kọ̀ọ̀kan lára anpilifáyà pèsè nǹkan bí 60 wáàtì RMS. Anpilifáyà kékeré pàápàá lè ba sípíkà jẹ́: bí a bá ṣí i kọjá agbára rẹ̀, ohùn yóò há, wáyà tín-ín-rín inú sípíkà yóò sì gbóná títí yóò fi jó.

Ohun kejì ni ohm, ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná mànàmáná. Orúkọ Georg Ohm, ọmọ Jámánì tó tẹ òfin rẹ̀ jáde ní 1827, ni a fi sọ ọ́. Bí a bá so sípíkà 4 ohm méjì pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, 2 ohm ni anpilifáyà yóò rí. Bí a bá tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn, 8 ohm ni. Anpilifáyà tí kò gbọdọ̀ rí ohun tó kéré sí 4 ohm, tí a wá fi 2 ohm sí nídìí, yóò gbóná gidigidi. Bí kò bá pa ara rẹ̀, ó lè jóná.

Ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù ti yàtọ̀ sí dánfó ni iná rẹ̀. 12 fólítì ni dánfó ń lò. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ń so bátìrì méjì pọ̀ di 24, bẹ́ẹ̀ sì ni 12 ni ọ̀pọ̀ anpilifáyà ọkọ̀ ń jẹ. Àwọn rẹ́wáyà kan a máa gba ọ̀nà àbùjá, wọn a fa iná láti ara bátìrì kan ṣoṣo. Bátìrì yìí yóò máa rẹ̀, èkejì yóò máa gba iná ju bó ti yẹ lọ, àwọn méjèèjì yóò sì tètè kú. Ẹ̀rọ tó ń sọ 24 di 12 ló tọ́, ó sì gbọ́dọ̀ lágbára tó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò: sípíkà mẹ́rin oní 60 wáàtì jẹ́ 240 wáàtì. Bí ìdajì iná tí anpilifáyà ń gbà bá ń ṣòfò sínú ooru, 480 wáàtì ni yóò máa fà ní góńgó. Ẹ pín in sí ọ̀nà 12, ó di 40 ampere. Ẹ̀rọ oní 10 ampere kò lè gbé e, wáyà tín-ín-rín kò sì lè gbé e.

Ẹ fi fíúsì sí wáyà náà nítòsí bátìrì. Bí wáyà tí kò ní fíúsì bá bó, tó kan irin ọkọ̀, ọkọ̀ àti ẹrù oníbàárà lè jóná kí ìrànlọ́wọ́ tó dé.

Etí náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ariwo má kọjá 80 decibel fún ẹni tí yóò máa gbọ́ ọ fún 40 wákàtí lọ́sẹ̀. Awakọ̀ sì gbọ́dọ̀ lè gbọ́ fèrè ọkọ̀ ẹlòmíràn àti igbe ọmọ ọkọ̀ rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta: RMS mélòó? Ohm mélòó? Fólítì mélòó? Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè dáhùn, ẹ wo ìwé inú páálí. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.