Ìrìn Àfẹ́ Ọjọ́ Mẹ́ta sí Ìbàdàn: Bí Ẹgbẹ́ Ṣe Lè Lọ Kí Ó sì Bọ̀ Láìjẹ Gbèsè

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ọ̀rẹ̀, ní Odígbó àti ní gbogbo abúlé tí ó yí wọn ká, bí a ti ń lọ yẹ ìwé ìṣirò yín wò káàkiri, ìbéèrè kan ni àwọn alága àti akọ̀wé ń bi wá lemọ́lemọ́: bí a bá ta kòkó ọdún yìí tán, ṣé ẹgbẹ́ lè kó ọmọ ẹgbẹ́ lọ sí ìlú ńlá láti lọ gbafẹ́ díẹ̀? Ìdáhùn wa ni pé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí òfin tí ó ní kí àgbẹ̀ máa wo igi kòkó nìkan títí yóò fi darúgbó. Ohun tí kò dára ni kí ẹgbẹ́ tí ó ti ń kó owó jọ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá fi ọjọ́ mẹ́ta tú u ká.

Èkó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń dárúkọ. Èkó dára, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta kò tó o, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sì lè jẹ ìdajì ọjọ́ kan nínú rẹ̀. Ìbàdàn ni àwa yóò mú fún ẹgbẹ́ oníkòkó, nítorí pé owó oko yín wà níbẹ̀ tí ẹ lè fi ojú rí.

Ilé Kòkó tí ó wà ní Dùgbẹ̀ ni a ń wí. Àjà 26 ni ó ní, gíga rẹ̀ tó mítà 105, a sì parí rẹ̀ ní 1965. Owó tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà rí lórí kòkó, rọ́bà àti igi gẹdú ni wọ́n fi kọ́ ọ, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ni agbègbè wa ń mú jáde. Àwọn àgbà inú yín yóò rántí bí ó ti rí: àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ láti máa ra kòkó ní ń dá iye lé e, iye tí àgbẹ̀ ń gbà sì sábà máa ń dín sí iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun. Nínú àlékún yẹn ni ilé ìwé, ọ̀nà àti ilé bí èyí ti jáde. Ìjọba àpapọ̀ tú irú àjọ bẹ́ẹ̀ ká ní 1986. Iná jó Ilé Kòkó ní 1985, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tún ṣí i ní 1992. Lónìí, ilé-iṣẹ́ Oòduà Investment ni ó ni ín, Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà. Nítorí náà, bí ìyá àgbà kan láti Odígbó bá dúró níwájú ilé yìí, kì í ṣe ilé onílé ni ó ń wò. A fẹ́ kí ẹ mú irú wọn dání. Àwọn gan-an ni ẹgbẹ́ máa ń fi sílẹ̀ nílé.

Ṣùgbọ́n ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ owó.

Òfin Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù ti 1993 sọ pé ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́rin èrè ọdún gbọdọ̀ wọ inú owó ìpamọ́. Owó yẹn kì í ṣe ti ìrìn àfẹ́ rárá, bí ó ti wù kí ìpàdé pariwo tó. Ẹ má sì fọwọ́ kan owó ẹ̀yáwó. Bí ẹ bá fi owó ẹ̀yáwó lọ Ìbàdàn ní oṣù kejì ọdún, òjò yóò dé, àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú yóò dé pẹ̀lú rẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ yóò wá yá owó oògùn, akápò yóò sì ní kò sí. Igi kòkó kò ní gbọ́ pé ẹgbẹ́ lọ gbafẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ ni kí ó san owó ìrìn rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ran àwọn àgbà lọ́wọ́, kí ìpàdé gbogbogbò dá iye owó náà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pín èrè bí òfin ti wí, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé kí ẹnikẹ́ni tó wọ ọkọ̀.

Kí ènìyàn púpọ̀ dáwó jọ rìn kì í ṣe nǹkan tuntun. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje, 1841, Gẹ̀ẹ́sì kan tí à ń pè ní Thomas Cook kó nǹkan bí 500 ènìyàn wọ ọkọ̀ ojú irin láti Leicester lọ sí Loughborough, ó sì gba ṣílè kan lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Iye kan ṣoṣo, tí gbogbo wọn mọ̀ ṣáájú: ibẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ wà.

Bí a ṣe ń mọ iye yẹn nìyí. Ẹ jẹ́ kí a fi ṣe àpẹẹrẹ pé bọ́ọ̀sì ẹlẹ́ni 30 yóò gba ₦360,000 ní àlọ àti àbọ̀. Bí 30 bá lọ, ₦12,000 ni owó ọkọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí mẹ́fà bá yẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ ìrìn, awakọ̀ kò ní dín owó rẹ̀ kù. Yóò di ₦15,000 lórí àwọn 24 tí ó kù. Ibí yìí ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. A rí ẹgbẹ́ kan tí akápò rẹ̀ sáré mú àlékún náà nínú owó ìfipamọ́ ọmọ ẹgbẹ́, ó ní òun yóò dá a padà. Ọdún kejì ni wọ́n tó rí i gbà. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ dá owó náà lé orí ènìyàn 24 láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí 30 bá lọ, ẹ dá àṣẹ́kù padà fún wọn. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan san ìdajì ní oṣù kan ṣáájú, kí ó sì yé e pé bí ó bá yẹ̀ láìrí arọ́pò, owó ọkọ̀ rẹ̀ kò ní padà. Ẹ ní ìwé ìṣirò ọ̀tọ̀ fún ìrìn náà, kí ènìyàn méjì máa fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì kọ owó tí a fi fóònù san síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń kọ ti ọwọ́.

Ní ti ìrìn gan-an, ẹ kúrò ní Ọ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́fà àárọ̀ Jímọ̀, ẹ gba Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn awakọ̀ bí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Ìbàdàn ti rí ní ọ̀sẹ̀ náà. Bí kò bá dára, ẹ gba Ṣàgámù. Ìdí tí a fi fẹ́ ọ̀nà Ìjẹ̀bú ni pé Ìdí-Ayùnrẹ́ wà lójú rẹ̀. Níbẹ̀ ni ilé ìwádìí kòkó ti ìjọba àpapọ̀, CRIN, wà láti 1964. Wọ́n ń ṣe ìwádìí lórí kòkó, obì, kọfí, kaṣú àti tíì. Ọjọ́ iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń ṣí, òun ni a fi ní kí ẹ lọ ní Jímọ̀, kí ẹ sì ti kọ lẹ́tà sí wọn ṣáájú. Ẹ béèrè irú kòkó tuntun wọn, TC1 dé TC8, tí ó ń yára so. Bí ẹ kò bá rí nǹkan mìíràn mú bọ̀ láti Ìbàdàn ju èyí lọ, ìrìn náà ti sanwó ara rẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí yóò ráyè kí Jímọ̀ nígboro.

Ní Sátidé, ibi mẹ́ta tó. Ẹ lọ sí Ilé Kòkó ní àárọ̀. Ọ́fíìsì ni, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé gbọdọ̀ ti gba àṣẹ. Lẹ́yìn náà, Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929, àti ilé ìṣọ́ Bower ti 1936 lórí Òkè Ààrẹ, tí àwọn ará Ìbàdàn ń pè ní Láyípo nítorí àtẹ̀gùn rẹ̀ tí ń yí po. Kí àwọn tí orúnkún ń dùn dúró nísàlẹ̀. Láti ẹsẹ̀ òkè náà pàápàá, òrùlé páànù tí yóò kún ojú wọn kò lóǹkà. Bí ọmọdé bá wà nínú yín, ẹ fi ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn rọ́pò Mápó. Oúnjẹ kò ní wàhálà: ilé àmàlà pọ̀ ju ẹni tí yóò jẹ ẹ́ lọ. Ní ti ibùsùn, ẹ rán ènìyàn méjì lọ wò ó ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, nítorí ohun tí obìnrin yóò rí ní ilé ìwẹ̀, ọkùnrin kò ní rí i.

Ní Sọ́ńdè, àwọn Kristẹni lè jọ́sìn ní Kúdẹtì, níbi tí David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọ ní 1853. Kí ọkọ̀ ṣí ní agogo méjìlá ọ̀sán, ẹni tí kò bá dé kó wá ọkọ̀ tirẹ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ rin ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ lóru nítorí ẹni tí ó ń ná ọjà ní Dùgbẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé lẹ́yìn tí ẹ bá dé, kí akọ̀wé ka ìṣirò ìrìn náà sí etí ìpàdé, pẹ̀lú rìsíìtì, kí a dá àṣẹ́kù padà fún àwọn tí ó san án. Àwa alábẹ̀wò yóò béèrè ìwé náà nígbà tí a bá dé.